Káàdì tó ń gbé lọ́wọ́ ìyá: ìrírí wa nípa ilé ìwòsàn ọmọdé

Ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ni mo ti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, nígbà tí àwọn àgbà tó bá Dókítà David Morley ṣiṣẹ́ kò tíì fẹ̀yìn tì tán. Láti 1956 sí 1961 ni dókítà náà fi wà níbẹ̀, òun ló sì bẹ̀rẹ̀ kílíníìkì àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Àwọn àgbà wa máa ń sọ fún wa pé ìyá tó bá gbé ọmọ wá síbẹ̀ kì í lọ síbi méjì: ibẹ̀ náà ni wọn yóò ti wọn ọmọ, tí wọn yóò ti fún un lábẹ́rẹ́ àjẹsára, tí wọn yóò ti tọ́jú ibà tàbí ìgbẹ́ gbuuru tó gbé e wá, tí wọn yóò sì bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ oúnjẹ.

Káàdì wọn ló wù mí jù. Oṣù tí ọmọ ti lò láyé wà nísàlẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìlà méjì tó ń fi bí ìwọ̀n ọmọ tó ní ìlera ṣe ń pọ̀ sí i hàn sì ń gòkè láàárín. Nọ́ọ̀sì á fi bírò sàmì sí ìwọ̀n oṣooṣù, á sì fa àwọn àmì náà pọ̀. Bí ìlà ọmọ bá tẹ́jú dípò kó máa gòkè, a ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é, kódà bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì kún. Ìyá ló ń gbé káàdì náà lọ sílé, nínú ọ̀rá. Kì í sùn sí ilé ìwòsàn.

Ní ilé ìwòsàn ńlá kan tí mo ṣiṣẹ́ sí lẹ́yìn náà, ọjọ́ abẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí ọjọ́ àìsàn, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì ní fáìlì tirẹ̀. Mo rí ìyá ọlọ́mọ fòníkú-fọ̀ladìde (àrùn inú ẹ̀jẹ̀) kan tó ń tún ìtàn kan náà sọ lẹ́nu ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, títí ọmọ fi sùn lọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó dùn mí, nítorí a ti mọ ọ̀nà tó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ tipẹ́.

Òbí kan láti Lọ́ńdọ̀nù dá nọ́ọ̀sì náà lóhùn: Ìyá wa, ẹ ṣeun. Lọ́ńdọ̀nù ni èmi ń gbé, níbi tí ilé ìwòsàn ọmọdé Great Ormond Street ti ṣí ilẹ̀kùn ní 1852 pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì mẹ́wàá péré. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní ilé ìwòsàn púpọ̀ ní ilẹ̀ yìí, wọn kì í fẹ́ kí òbí wá wo ọmọ ju ìgbà díẹ̀ lọ. Wọ́n ní ẹkún ọmọ ló ń fà. Dókítà ọmọdé James Spence ní Newcastle ti ń gba ìyá mọ́ ọmọ kí ó tó di pé ìgbìmọ̀ Platt, tí ìjọba ní kó wo ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó wà ní ilé ìwòsàn, ní 1959, dábàá pé kí òbí máa wọlé nígbàkúùgbà. Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún ọmọbìnrin mi, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni mo sùn, nọ́ọ̀sì sì kọ́ mi bí a ṣe ń gba inú rọ́bà imú fún un ní wàrà. Lónìí, ọjọ́ kan náà la máa ń rí dókítà ọkàn àti onímọ̀ oúnjẹ, a ó sì mú ìwé pupa rẹ̀ dání, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ ìlera ọmọ tí òbí ń tọ́jú níbí, èyí tí ìlà ìwọ̀n rẹ̀ wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe yẹn.