Ta ni ó lè fún wa ní àṣẹ láti kọjá orin mẹ́rin?
Lórí rédíò olómìnira kékeré kan tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà, mo máa ń gbé àwọn orin power pop (orin rọ́ọ̀kì tí ohùn rẹ̀ dùn bí orin pop) tí a ti pa tì sáfẹ́fẹ́. Mo fẹ́ ya odindi wákàtí kan sọ́tọ̀ fún ẹgbẹ́ Big Star ti ìlú Memphis, tí àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1972, tí kò sì dé ilé ìtajà bó ṣe yẹ; ó ń dùn mí títí di òní. Ṣùgbọ́n òfin kò gbà ju orin 3 láti inú àwo kan, tàbí 4 láti ọwọ́ olórin kan, láàárín wákàtí 3. Mo fi orin ẹgbẹ́ mìíràn sí àárín wọn, àmọ́ iye náà kò yí padà. Ṣé ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni ẹ̀tọ́ àwo náà ti tó, àbí SoundExchange, àjọ tí ń gba owó ẹ̀tọ́ fún àwọn olórin àti àwọn tó ni àwo nígbà tí rédíò íntánẹ́ẹ̀tì bá lo orin wọn, náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i?