Owó ìjọba fún omi ẹ̀rọ: ṣé mítà ìgbàlódé ló kàn ni, àbí páìpù?

Ìyá Ìbejì, Mushin:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Lọ́dún 2021, Amẹ́ríkà ṣòfin tó ya owó tó lé ní 50 bílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ fún omi. 15 bílíọ̀nù nínú ẹ̀ wà fún pípààrọ̀ páìpù òjé. Níbí, kẹ́ẹ̀gì mẹ́ruwà là ń dúró dè láràárọ̀, owó omi ń jẹ èrè àkàrà mi. Ó ń dùn mí gan-an ni. Bí ìjọba Èkó bá rówó, ṣé mítà tó ń ka ara ẹ̀ ló yẹ ká béèrè?

Bọ̀dá Plọ́ńbà, Yábàá:
Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá Ìbejì. Páìpù ni kó ṣáájú! Wọ́n kọ́ Adiyan, ilé iṣẹ́ omi ìjọba Èkó, láti pèsè 70 mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù omi lójúmọ́, àmọ́ kí ló fẹ́ gbé e délé yín? Ẹ wo àwọn páìpù rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba inú gọ́tà kọjá. Tó bá ti sán, tí omi inú ẹ̀ sì dáwọ́ dúró, ìdọ̀tí gọ́tà ló máa fà wọlé.

Síkírà, Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe máa mọ ibi tó sán? Láago méjì òru, tí gbogbo ilé ti sùn, bí sensor, ẹ̀rọ kékeré tó ń ka bí omi ṣe ń lọ, bá fi hàn pé omi ṣì ń sáré nínú páìpù àdúgbò kan, ó ń jò níbì kan nìyẹn. Ibẹ̀ nìkan ni wọ́n á gbẹ́. Sensor ara páìpù ńlá ni kí owó kọ́kọ́ lọ fún, mítà ilé lè dúró.

Ìyá Ìbejì:
Tí ò bá síná ńkọ́?

Síkírà:
Èyí tó ń lo bátìrì wà, mà.