Sẹ́ńsọ̀ èémí lórí ventilator: kí ló dé tí àbájáde àárọ̀ ń yàtọ̀?

Elérọ_ICU: Ẹ kú iṣẹ́ o. Sẹ́ńsọ̀ metal oxide (irú èyí tó ń gbọ́ òórùn inú afẹ́fẹ́) la fi ń yẹ èémí àwọn aláìsàn orí ventilator (ẹ̀rọ tó ń bá wọn mí) wò, bóyá kòkòrò ti wọ ẹ̀dọ̀fóró wọn. Láàárọ̀, bí ẹni tó lárùn ni gbogbo wọn ń jáde. Tó bá di ọ̀sán, ó yí padà. Níbo la ti ṣì í?

Ọ̀mọ̀ràn_Láàbù: Ṣé ẹ máa ń pa ẹ̀rọ náà lálẹ́? Sẹ́ńsọ̀ yẹn ní láti gbóná tó 200 sí 400 °C. Tí ẹ bá pa á, ó máa ń pẹ́ kó tó dúró sójú kan, ẹ má pa á mọ́.

Ibo lẹ sì ti ń fa èémí? Ààrin túùbù ọ̀fun àti fílítà HME (èyí tó ń pa ooru àti omi inú èémí mọ́) ló dáa jù, torí fílítà lè gba díẹ̀ nínú òórùn tí ẹ ń wá. Páìpù Teflon ni kẹ́ ẹ lò. Sílíkónì a máa fa òórùn mu, á wá bì í sínú ti aláìsàn tó kàn! Ẹ mú páìpù gbóná tó 40 °C, kí ìrì má sẹ̀ sínú rẹ̀. Omi ń da sẹ́ńsọ̀ yìí láàmú gan-an.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́: Sanitáísà ńkọ́? Tí wọ́n bá ń gbaṣẹ́ láàárọ̀, gbogbo ọwọ́ ló ń rùn fún ọtí. Ẹ kọ́kọ́ fa afẹ́fẹ́ wọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ fi wé ti aláìsàn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti tíátà dé ṣì lè máa mí sevoflurane (oògùn tí wọ́n fi ń kun èèyàn lóorun) jáde.

Elérọ_ICU: Ẹ ṣé gan-an. Ṣé sẹ́ńsọ̀ yìí lè sọ pé kòkòrò Pseudomonas ni?

Ọ̀mọ̀ràn_Láàbù: Rárá o. Àpapọ̀ òórùn ló ń kà, kò mọ orúkọ. Pseudomonas a máa ṣe kẹ́míkà kan, 2-aminoacetophenone, tó ń rùn bí èso àjàrà, ṣùgbọ́n GC-MS (ẹ̀rọ láàbù tó ń ya kẹ́míkà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀) ló lè dá a mọ̀. Ẹ ṣì máa gbin omi ìfọ̀ ẹ̀dọ̀fóró wò ní láàbù. 10⁴ CFU/ml (ìyẹn 10,000 kòkòrò tó lè hù nínú mílílítà kan) ni ààlà tí wọ́n sábà ń lò láti pè é ní àrùn.