Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe àádùn tiyín?

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Lánàá mo lọ ra ata l'Ọ́jà Ọba l'Óṣogbo níbí, bí mo ṣe rí ìyá kan tó di àádùn sínú ọ̀rá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ báyìí, orí mi wú. Ìyá àgbà mi ló máa ń ṣe é fún wa tá a bá ti iléèwé dé, ewé ló máa ń pọ́n ọn sí, a ó wá máa lá epo tó kù lára ewé, a tún máa jà lé e lórí. Mo ra ti ₦200, kí n tó dé Òkè-Fìà ó ti tán, ọlọ́kadà sáà ń wò mí ni.

Ni mo bá ní kí n ṣe é fáwọn ọmọ mi. Mo yan àgbàdo, mo lọ lọ̀ ọ́, mo po epo, iyọ̀ àti ata díẹ̀ mọ́ ọn, àmọ́ ṣe ló dì mọ́ra bí amọ̀, ó tún korò. Àbúrò mi ní mo jẹ́ kó jóná. Ṣé iná ni àbí epo ló pọ̀jù? Ṣé ẹ máa ń kọ́kọ́ yọ́ epo ni? Àwọn ọmọ ní bisikíìtì dáa jù ú lọ, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an. Ẹ bá mi dá sí i.