Kí ni ó gba adé lórí Olú-ọba Rudolf Kejì?

Tíṣà Ẹ̀pẹ́:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́. Ìtàn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Ẹ̀pẹ́ níhìn-ín, a sì ti dé orí Rudolf Kejì, ẹni tí ó jẹ olú-ọba ilẹ̀ Róòmù Mímọ́ (ìyẹn àkójọ àwọn ilẹ̀ Jámánì àti àyíká rẹ̀ ní Yúróòpù) láti ọdún 1576 títí ó fi kú sí ìlú Prague ní oṣù kìíní ọdún 1612. Ìwé ọwọ́ mi sọ pé orí rẹ̀ dàrú, pé awòràwọ̀ àti àwọn tí ń wá bí wọn yóò ṣe sọ òjé di wúrà ni ó gbà á lọ́kàn, ni Matthias àbúrò rẹ̀ fi gba ilẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọmọ kan wá bi mí pé, bí ó bá ya wèrè, báwo ni ó ṣe lo ohun tí ó lé ní ọdún 35 lórí ìtẹ́? N kò rí èsì fún un.

Bàbá Ìkòròdú:
Àbúrò mi, ọmọ yẹn gbọ́n. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá Rudolf fínra lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àrólé ni ó bà á jẹ́. Láti ìgbà èwe ni wọ́n ti fi Isabella, ọmọ Ọba Philip Kejì ti Sípéènì, ṣe àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ó ń fi òní dónìí, ó ń fi ọ̀la dọ́la, títí ọmọbìnrin náà fi lọ fẹ́ Albert, àbúrò Rudolf gan-an, ní ọdún 1599. Rudolf bí ọmọ láìṣe ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò lè jọba. Nígbà tí ogun Tọ́kì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1593, kò tán bọ̀rọ̀, àwọn ẹbí fi Matthias ṣe olórí ilé ní ọdún 1606. Ní ọdún 1608, ó ti gba Hungary, Austria àti Moravia.

Ará Àgbádárìgì:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ìsìn. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni Rudolf, ṣùgbọ́n kí Bohemia, ilẹ̀ tí Prague jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, má baà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ibẹ̀ ní ìwé òmìnira ìsìn ní ọdún 1609. Bí ó bá dúró lórí ìwé yẹn, bóyá ìbá sàn fún un. Ní ọdún 1611, àwọn ọmọ ogun Leopold, ìbátan rẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, ya wọ Prague, àwọn ará ìlú sì ké sí Matthias, òun ni ó sì gba Bohemia náà. Orúkọ olú-ọba nìkan ni ó kù fún Rudolf.

Tíṣà Ẹ̀pẹ́:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ìjà ẹbí nítorí adé kò ní ṣòro fún wọn, nítorí wọ́n mọ ìtàn Kòsọ́kọ́, ẹni tí wọ́n lé kúrò ní Èkó ní ọdún 1851 tí ó sì wá tẹ̀dó sọ́dọ̀ wa. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé Prague ni àwòrán Rudolf tí wọ́n fi èso yà wà?

Bàbá Ìkòròdú:
Rárá o, ó wà ní Sweden. Àwọn ọmọ ogun wọn ni wọ́n kó o lọ ní ọdún 1648. Arcimboldo, ayàwòrán ará Ítálì, ni ó yà á: ápù ni ẹ̀rẹ̀kẹ́, èso àjàrà wà ní orí, píà sì ni imú. Kì í ṣe píà tiwa tí a ń jẹ pẹ̀lú búrẹ́dì o. Ti òyìnbó ni. Ẹ tètè sọ èyí fún wọn kí wọn tó bẹ̀rẹ̀ iyàn.