Lórí àbá "ìwòsàn abísínwín orí ẹ̀rọ"

Ẹ̀yin ojúgbà mi,

Àbá tí wọ́n gbé síwájú wa ni pé kí á máa pe ìtọ́jú tí aláboyún tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà ń gbà lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ní "ìwòsàn abísínwín orí ẹ̀rọ". Ẹni tí ó mú àbá náà wá ṣe dáadáa, nítorí pé ẹnu àwọn ìyá wa ni ó ti mú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ọn.

Ẹni tí ó bímọ tán tí orí rẹ̀ dàrú, tí ó ń sọ ìsọkúsọ, ni a mọ abísínwín mọ́. Oyún obìnrin tí à ń sọ yìí ṣì wà nínú, orí rẹ̀ sì pé. Inú rẹ̀ ni kì í dùn, kì í rí oorun sùn, ohun tí ó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ kò wù ú mọ́, ó sì ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi láìnídìí. Bí nọ́ọ̀sì bá kọ "abísínwín" sórí káàdì rẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ lè kà á sí wèrè, òun náà sì lè má padà wá mọ́.

"Ìsoríkọ́" tí àwọn kan dábàá sún mọ́ ọn, àmọ́ ẹni tí ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò náà lè soríkọ́ fún wákàtí mélòó kan. Ìwé ìbéèrè Edinburgh ti 1987, oníbéèrè 10, tí wọ́n fi ń yẹ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wò, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún ìyá ìkókó kí wọ́n tó máa lò ó fún aláboyún pẹ̀lú, bí nǹkan ṣe rí fún odidi ọjọ́ 7 ni ó ń béèrè. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí "àìsàn" ṣíwájú: àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn.

"Ẹ̀rọ" ni ó ń kọ mí lóminú jù. Aláboyún tí ó bá gbọ́ "ìtọ́jú orí ẹ̀rọ" nílé ìwòsàn, sìkáànì ni ọkàn rẹ̀ yóò lọ sí. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ́ tí yóò máa kà díẹ̀díẹ̀ lórí fóònù ni ìtọ́jú yìí, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ èrò tí ń wá sí i lọ́kàn àti ohun tí ó ń ṣe lójúmọ́, àti, níbi tí wọ́n bá ti ṣe é dáadáa, olùtọ́jú tí yóò máa pè é. "Ìwòsàn" sì ń ṣèlérí ju bí ó ti yẹ lọ.

Àbá tèmi ni "ìtọ́jú àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn aláboyún lórí fóònù". Ó gùn, mo mọ̀. Àwọn agbẹ̀bí yóò gé e kúrú fúnra wọn. "Aláboyún" ni mo ṣì fẹ́ kí á jiyàn lé, nítorí pé àwọn oníṣègùn sábà máa ń ka àsìkò àìsàn yìí láti ìgbà oyún títí di ọdún kan lẹ́yìn ìbímọ. Bí ẹ bá gbà pé ìtọ́jú kan náà ni, "aláboyún àti ìyá ìkókó" ni kí á kọ.