Ṣé kí n yọ fídíò kànga yẹn kúrò?

Ayàwòrán Àpáta
Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe ní Àpáta, n'Íbàdàn. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń kọ ìròyìn àdúgbò wa sórí WhatsApp: ibi tí wáyà iná já sí, ọmọ tó sọnù, ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ya fídíò kànga ẹlẹ́rọ kan. Wọ́n kọ ọ́ sí pátákó pé iṣẹ́ ti parí, táǹkì ń dán, àmọ́ mo ṣí ẹnu ẹ̀rọ, ẹ̀kán omi kan ò jáde. Mi ò bú ẹnikẹ́ni.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ọmọkùnrin méjì wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ní kí n yọ ọ́ bí mi ò bá fẹ́ kí kámẹ́rà mi fọ́. Ìyẹn ò dùn mí tó ti bàbá kan ní agboolé wa tó ní, "Yọ ọ́, ọmọ mi, nítorí àlàáfíà." Àlàáfíà ta ni? Omi kẹ́ẹ̀gì ni àwọn ìyá wa ṣì ń rà. Kí ni òfin sọ?

Lọ́yà Ìyágankú
Ọ̀gá ayàwòrán, ẹ má tíì yọ nǹkan kan. Abala 39 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún gbogbo wa lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ìròyìn, ká sì sọ ọ́ síta. Ibi tẹ́ ẹ ti máa ṣọ́ra ni òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024. Abala 24 rẹ̀, tó dá lórí fífi irọ́ ránṣẹ́ lórí ayélujára, ni wọ́n sábà fi ń mú akọ̀ròyìn. Nítorí náà, ohun tẹ́ ẹ fojú rí ni kẹ́ ẹ kọ, ẹ má sọ pé lágbájá kówó jẹ láìní ẹ̀rí. Ẹ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ni iṣẹ́ kànga náà, ẹ béèrè iye tí wọ́n ná. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 fún wọn ní ọjọ́ 7 láti fèsì, kò sì pọn dandan kẹ́ ẹ sọ ìdí tẹ́ ẹ fi fẹ́ mọ̀. Ẹ jẹ́ kí ìhalẹ̀ yẹn wà lákọsílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Bàbá Atolẹ́tà
Ọmọ mi, ilé ìtẹ̀wé ni mo ti fẹ̀yìntì. Ní 1984, ìjọba ológun gbé òfin kan tí wọ́n ń pè ní Decree 4 jáde, wọ́n fi ju Túndé Thompson àti Nduka Irabor, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn The Guardian, sẹ́wọ̀n ọdún kan. Lábẹ́ òfin yẹn, pé òótọ́ lo kọ kò lè gbà ọ́. Òótọ́ o! Ọ̀gá wa á dúró lẹ́yìn wa bá a bá ń to lẹ́tà, á máa yọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Mo mọ ẹ̀rù tó ń ba bàbá agboolé yín, má bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n má yọ ọ́. Fi ẹ̀dà rẹ̀ sọ́wọ́ èèyàn méjì mẹ́ta.

Ìyá Aláta Ṣáṣá
Èmi wà lọ́jà Ṣáṣá n'Íbàdàn nígbà ìjà Yorùbá àti Haúsá ní February 2021. Fóònù gbogbo wa ń dún: wọ́n ní wọ́n ń bọ̀, wọ́n ní wọ́n ti pa báyìí báyìí níbòmíì. A ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Èmi àti Haúsá tá a jọ ń pín apẹ̀rẹ̀ tòmátò bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wa bí ọ̀tá. Ká ní ẹnì kan wà nígbà náà tí tọ̀tún tòsì gbà gbọ́, tó lè sọ pé "mo débẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀"! Bọ̀dá, ẹni tó sọ òótọ́ kànga fún wa ni a máa gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu lọ́jọ́ tí ìjà bá fẹ́ dé. Bẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ta la máa bi?

Ayàwòrán Àpáta
Ẹ ṣeun, mà. Mo ka ọ̀rọ̀ yín fún bàbá láàárọ̀ yìí. Wọ́n dákẹ́ títí. Ìgbà tó yá, wọ́n ní kí n mú bírò wá, àwọn náà á fọwọ́ sí lẹ́tà náà. Ó ń lọ ní Mọ́ńdè. Fídíò ṣì wà níbẹ̀.